Alátọ̀gbẹ Tó Ń Rù, Bí Ẹ Bá Gbé Ẹ̀bà Kúrò, Kí Lẹ Fi Dípò Rẹ̀?

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo máa ń kí lówùúrọ̀ bí mo bá ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níwájú ilé, ìṣó ní ọwọ́ kan, òòlù ní ọwọ́ kejì, wọ́n ń lu ihò sára bẹ́líìtì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé kò sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kò sí láburú, ọmọ mi. Ṣúgà ló ti wálẹ̀." Ihò kẹta nìyẹn láàárín oṣù márùn-ún. Wọ́n wọlé lọ mú ìwé kékeré kan wá, èyí tí wọ́n máa ń kọ iye tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò bá sọ láràárọ̀ sí: 104, 98, 111, 95. Wọ́n nà án sí mi bí ọmọ ilé-ìwé tó gba ipò kìíní. Inú tèmi náà ì bá dùn, bí kì í bá ṣe egungun ọrùn wọn tí mo ń rí lókè bùbá.

Kílò 71 ni wọ́n wọ̀n lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí wọ́n tún gun ìwọ̀n, 62 ni.

Ọmọ wọn kan tó wà ní òkè òkun ló fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù: kí wọ́n yé jẹ ẹ̀bà, àmàlà, iyán, fùfú, ìrẹsì, iṣu àti búrẹ́dì, wọ́n á rí i pé ṣúgà á wálẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé àwọn tó sanra jù ni ẹni tó kọ ọ́ ń bá wí, àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n dín ọ̀rá ara kù. Bàbá yìí kò sì sanra rí láyé wọn.

Ìkìlọ̀ mi kò gùn. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tí kò sì ní ẹran lára tó lè fi ṣòfò, kò gbọdọ̀ gbé òkèlè kúrò nínú àwo láìjẹ́ pé ó ti mọ ohun tó máa fi dí àyè rẹ̀. Oúnjẹ tí kì í tètè di ṣúgà lè bá a lára mu dáadáa. Ebi ni kò lè bá a mu.

Àwọn baba wa tó sọ àrùn yìí ní àtọ̀gbẹ kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ìka, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú. Wọ́n rí ẹni tó ń tọ̀, tó ń tọ̀, tí ara rẹ̀ sì ń gbẹ lọ. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ara bá le, kíndìnrín kì í jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde, ṣe ló máa ń dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá wá ga ju nǹkan bí 180 lọ (10 ni lórí ẹ̀rọ tó ń ka mmol/L), apá kíndìnrín kì í ká a mọ́, ìyókù á bá ìtọ̀ lọ. Gíráàmù ṣúgà kan tó bá jáde, kálórì mẹ́rin ló bá a lọ. Ẹni tó bá ń tọ gíráàmù 100 dànù lóòjọ́ ti pàdánù kálórì 400, èyí tó ju agbára inú gààrí gbígbẹ gíráàmù 100 lọ. Ó jẹun o, ṣùgbọ́n ilé ìtọ̀ ló jẹ ẹ́ fún.

Nítorí náà, rírù alátọ̀gbẹ pín sí méjì ó kéré tán, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, tó ń jẹun bí ẹni tí iná ń jó nínú rẹ̀, tí òùngbẹ kì í jẹ́ kó sùn, tó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, síbẹ̀ tó ń rù. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ máa mu màlìtì àti gúlúkóòsì kó lè sanra, omi ló ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn. Oògùn ló nílò, tàbí kí dókítà yí èyí tó ń lò padà. Ẹnì kejì ni irú bàbá wa yìí: ṣúgà wálẹ̀, kò tọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ ẹnu kò tó ohun tí ara ń ná. Oúnjẹ ni tiẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gún ìka ló máa kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú méjèèjì, ẹ má fi ojú lásán mọ̀ ọ́n.

Mo ní "ó kéré tán" nítorí pé ẹ̀ka kẹta wà tí a kì í fẹ́ dárúkọ. Àtọ̀gbẹ lè wà lára, kó sì jẹ́ pé ohun mìíràn ló ń jẹ ẹran ara. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni mo kọ́kọ́ ń rò, nítorí pé alátọ̀gbẹ fi nǹkan bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ṣí sílẹ̀ fún un ju ẹlòmíràn lọ. Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, tí òógùn òru bá ń rẹ aṣọ, tí ìwọ̀n ara sì ń wálẹ̀, ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà. Gẹ̀gẹ̀ inú ọrùn tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lè mú ènìyàn rù. Jẹjẹrẹ lè ṣe é. Kòkòrò HIV lè ṣe é, ẹ̀rù orúkọ rẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí àwọn kan lọ ṣàyẹ̀wò, wọ́n á ní "ṣúgà ni, ṣúgà ni," títí ọwọ́ á fi bọ́. Òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà ń lò kò ṣòro: ẹni tí kò fẹ́ fọn, tó wá pàdánù ìdá 5 nínú 100 ara rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, kó lọ fi ara hàn. Fún ẹni kílò 60, kílò mẹ́ta péré nìyẹn. Kílò mẹ́sàn-án ni bàbá wa ti pàdánù kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìdí.

Ẹ jẹ́ n tún fi èyí kún un. Ọ̀dọ́ tàbí àgbà tínínrín tí àtọ̀gbẹ bá ṣàdédé bá jà, tí ìwọ̀n rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí èso, kì í sábà jẹ́ ẹni tí dídín oúnjẹ kù lè wò. Ó lè jẹ́ irú kìíní ló ní, èyí tí ara kò ti pèsè ínsúlínì mọ́. Ọmọdé ni àwọn ènìyàn rò pé ó máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ẹni ogójì ọdún, wọ́n sì máa ń ṣì í pè ní irú kejì. Ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún oúnjẹ láti wọ inú ẹran ara. Bí kò bá sí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tirẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ á sì kan. Àmì rẹ̀ ni èébì, inú rírun, mímí kíákíá bí ẹni tó sáré, àti òórùn ẹnu bí èso tó ti pọ́n jù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló ń sá fún abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ènìyàn, ó ti parí náà nìyẹn. Kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ jókòó gbọ́ ìtàn Elizabeth Hughes.

Ṣáájú ọdún 1922, kò sí oògùn kankan fún àtọ̀gbẹ irú kìíní. Ohun tí dókítà tó mọṣẹ́ jù lè ṣe ni kó fi ebi pa aláìsàn. Frederick Allen, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ ìlànà náà jù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ebi dá aláìsàn dúró títí ìtọ̀ rẹ̀ kò fi ní ní ṣúgà mọ́, wọ́n á wá máa wọn oúnjẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Ohun tó bá lè di ṣúgà níbẹ̀ kò tó nǹkan rárá, ìyókù pàápàá kì í yó ni. Ẹ̀mí àwọn kan gùn sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n di egungun lórí ibùsùn. Elizabeth, ọmọ Charles Evans Hughes tó wà nípò akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, fara da ìlànà yìí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ Frederick Banting nílùú Toronto ní Kánádà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1922, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 15, kò sì wúwo ju nǹkan bíi kílò 20 lọ. Banting àti Charles Best ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó bí ínsúlínì lọ́dún 1921. Ní oṣù kìíní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún un fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, tí ìwọ̀n tiẹ̀ náà kò tó kílò 30. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún Elizabeth lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fi oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀. Ara padà sí i. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta. Ọdún 1981 ló tó kú.

Ìyẹn ni ínsúlínì tí wọ́n ń sá fún. Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni bí àwọn kan ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún ara wọn lónìí ohun tí Allen ń ṣe fún aláìsàn nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn láti ṣe.

Mi ò bá oúnjẹ tí kì í tètè di ṣúgà jà o. American Diabetes Association, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà káàkiri ayé ń wo ìlànà rẹ̀, sọ lọ́dún 2019 pé dídín oúnjẹ afúnnilágbára kù, ìyẹn àwọn oúnjẹ bíi gààrí, ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì àti ohun dídùn, wà lára ọ̀nà tí ẹ̀rí fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jù láti mú ṣúgà wálẹ̀. Àwọn kan náà ló sì kìlọ̀ pé aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ dín in kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó ní àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ ṣe é, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí oúnjẹ jíjẹ ti di ìjà mọ́ lọ́wọ́. Apá kejì yìí kì í bá apá kìíní rìn nínú ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń jẹun ná. Òkèlè ló ń gbé ọbẹ̀ wọ ọ̀fun. Ta ló ń jókòó jẹ ẹ̀gúsí lásán? Bí òkèlè bá ti kúrò, ọbẹ̀ náà á kéré: ṣíbí ẹ̀fọ́ mẹ́rin, ẹran kan, ó parí. Epo tí ì bá wọlé kò wọlé, ẹja tí ì bá wọlé kò wọlé. Aláìsàn á rò pé gààrí nìkan lòun fi sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé ìdajì oúnjẹ òun ló bá a lọ. Òyìnbó tó yọ búrẹ́dì kúrò lórí tábìlì ṣì ní ẹyin, wàràkàṣì àti ẹran níwájú. Kí ló kù níwájú tiwa? Omi ewédú.

Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà tí wọn ò yọ nǹkan kan, orúkọ ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n ní wọn ò jẹ ẹ̀bà mọ́, wíìtì ni wọ́n ń jẹ. Wọn ò jẹ àmàlà iṣu mọ́, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ni. Wọ́n á wá ro wíìtì tó tó orí ọmọ tuntun. Ìyẹ̀fun wíìtì gíráàmù 100 ní nǹkan bíi 70 ohun tó ń di ṣúgà nínú, ìyẹ̀fun ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sì jìnnà sí gààrí. Lóòótọ́, ó lè má tètè gun orí bí ẹ̀bà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ó di ọ̀kan náà. Mo ti rí ìyá kan tí ṣúgà rẹ̀ kò kúrò ní 260, tó ń rù, tó sì ń fi Ọlọ́run búra pé òun ò fẹnu kan ẹ̀bà láti ọdún méjì. Òtítọ́ ló ń sọ.

Ṣé kí a wá jẹ òkèlè tàbí kí a má jẹ ẹ́? Ẹ jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n ìkúùkù yín, kì í ṣe ìkúùkù ẹni tó rò ó, kí ẹ sì fi ohun mìíràn dí àyè ìyókù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà tí wọ́n fi gààrí gíráàmù 150 tẹ̀, tó wá dín in kù sí 50, ti yọ nǹkan bíi kálórì 350 kúrò, pẹ̀lú ohun tó ju gíráàmù 80 lọ tí ì bá di ṣúgà. Ṣúgà á wálẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n kálórì 350 yẹn gbọ́dọ̀ padà wá láti ibòmíràn. Ẹyin méjì jẹ́ 140. Òróró tàbí epo pupa ṣíbí ńlá kan jẹ́ 120. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 30, jẹ́ 170. Ẹ rò ó pọ̀, 430 ni, ó ti lé. Ohun tó sì máa di ṣúgà nínú gbogbo rẹ̀ kò tó gíráàmù mẹ́wàá. Ọ̀rá ló ṣe é bẹ́ẹ̀: kálórì mẹ́sàn-án ló wà nínú gíráàmù kan rẹ̀, nígbà tí mẹ́rin péré wà nínú gíráàmù ohun tó ń di ṣúgà.

Nínú ìdáná, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ọbẹ̀ di oúnjẹ, kí òkèlè wá máa bá a kẹ́gbẹ́. Ẹ̀gúsí ni ọ̀gá níbí: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ purotéènì, èyí tó ń kọ́ ẹran ara. Ẹ sè é kó ki. Ẹ fọ́ ẹja gbígbẹ sí i, ẹ fi edé sí i, ẹ fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ sí i yanturu, kí ẹ fi ṣíbí jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àsáró. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ẹ̀wà tí wọ́n fi epo àti ẹja sè, wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri, wàrà sóyà fún ẹni tí owó ẹran kò bá tó. Ẹ̀wà ní ohun tó ń di ṣúgà nínú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n kì í sáré, purotéènì inú rẹ̀ sì pọ̀. Píà wà lásìkò tirẹ̀, ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin lówùúrọ̀ kì í jẹ́ kí ebi tètè padà. Àsálà wà, àgbọn wà, yànmọ̀tí wà. Ẹja títùs tí a ń fojú di ní ọ̀rá tó dára fún ọkàn ju ọ̀pọ̀ ẹran màlúù lọ. Ti ẹ̀pà nìkan ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé: èyí tó bá ti hu èbu, tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù, ẹ má ní ẹ fẹ́ yan án. Oró inú èbu náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì pa á tán.

Àgbàlagbà tí eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń rù nítorí eyín, tí wọ́n sì ń ti ẹ̀bi sórí ṣúgà. Wọn ò lè jẹ ẹran, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́, wọ́n á kàn máa fi ògì ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́. Gbẹ̀gìrì tó ki, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin tí wọ́n pò mọ́ ọbẹ̀, ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ kúnná sínú ògì kékeré: ìwọ̀nyí kò nílò eyín. Bí wọn ò bá lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà lóòjọ́. Ẹni tó ń lo metformin lè rí i pé oúnjẹ kò wù ú, tàbí kí èébì máa gbé e. Kó sọ fún dókítà, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan pẹ̀lú ara wọn náà. Purotéènì tí ẹran ara kò bá lò kì í di ẹran ara. Dídìde lórí àga àti jíjókòó padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láìfọwọ́ ti nǹkan, ti tó bẹ̀rẹ̀ fún ẹni àádọ́rin ọdún.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le.

Ẹni tó ń lo ínsúlínì, tàbí glibenclamide tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tó wá ṣàdédé dá òkèlè dúró láìsọ fún dókítà, lè ṣubú. Oògùn náà kò mọ̀ pé ẹ kò jẹun. Iṣẹ́ tó ń ṣe lánàá ló ń ṣe lónìí. Ṣúgà á já wá sí ìsàlẹ̀ 70. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò ó, ọkàn á máa lù kì-kì-kì, ó lè máa sọ ìsọkúsọ tàbí kó máa bínú láìnídìí. Nílé wa, bí ó bá ṣẹlẹ̀ lóru, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin mọ́ omi, kó mu ún, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún gún ìka. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Bí kò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí oúnjẹ padà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè bóyá oògùn yẹ kó dín kù.

Àwọn oògùn kan tún wà tí orúkọ wọn parí sí "gliflozin": dapagliflozin, empagliflozin. Iṣẹ́ wọn ni láti máa da ṣúgà sínú ìtọ̀, wọ́n sì ń mú ènìyàn fọn. Wọ́n dára fún ọ̀pọ̀, pàápàá ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ní wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tínínrín máa lo irú rẹ̀, kó tún wá yọ oúnjẹ afúnnilágbára kúrò pátápátá, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ kan bí mo ṣe ṣàlàyé lókè, tí ẹ̀rọ ìka kò sì ní fi ṣúgà gíga hàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà: aláìsàn á máa bì, wọ́n á wo ẹ̀rọ, wọ́n á ní ṣúgà dára.

Ẹ̀ka tó ń bí mi nínú jù ni oògùn ìsanra. Wọ́n ń tà á lọ́jà, nínú ọkọ̀ èrò, lórí fóònù, wọ́n fún un ní oríṣiríṣi ìnagijẹ. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni cyproheptadine, tó ń mú oúnjẹ wuni, tàbí dexamethasone àti prednisolone. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ń ti ṣúgà sókè burúkú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ojú á wú, àwọn ará ilé á ní ara ti ń padà sí i. Omi àti ọ̀rá ni, ẹran apá àti itan ń yọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì, ó lè dá a dùbúlẹ̀. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àgbo tí wọn ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó tà á fún yín kò ní wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gún ìka.

Ààwẹ̀, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó ń rù, tó ní àtọ̀gbẹ, tó sì ń lo ínsúlínì kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ràn dókítà ṣeré, ì báà jẹ́ Ràmàdáánì, ì báà jẹ́ ààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Ìsìláàmù gba aláìsàn láàyè láti má gbà á. Mo sì mọ pásítọ̀ tó máa ń ní kí aláìsàn ìjọ òun máa fi àdúrà gbà á, kí wọ́n sì jẹun.

Tí a bá padà sọ́dọ̀ bàbá wa: ìyàwó wọn ni mo bá sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú Bàbá lọ sílé ìwòsàn, ẹ má wo ti ìwé yẹn." Wọ́n lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́, gẹ̀gẹ̀ kò sí, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Dókítà dín Daonil wọn kù, onímọ̀ oúnjẹ sì jókòó ti Màmá fún nǹkan bíi wákàtí kan, ó ń béèrè iye ṣíbí epo tó ń wọ ìkòkò, ìwọ̀n ẹran tó ń dé àwo Bàbá àti ti àwọn ọmọ-ọmọ. Ìgbà yẹn ni Màmá jẹ́wọ́ pé àwọn ti dín epo kù nítorí wọ́n ní epo kò dára fún aláìsàn.

Ó ti tó oṣù márùn-ún báyìí. Mo rí ìwé kékeré yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá: 118, 126, 109, 121. Bàbá fajú ro díẹ̀, wọ́n ní òun ti ń fìdí rẹmi. Mo ní dókítà ńkọ́? Wọ́n ní dókítà ní láàárọ̀ kí òun tó jẹun, bí kò bá ti kọjá 130, kí òun fọkàn balẹ̀. Kílò 67 ni wọ́n wọ̀n. Ihò kẹta tí wọ́n fi ìṣó lu ti ṣófo, ìkejì náà ti ń fún wọn mọ́ra. Màmá gbé oúnjẹ wá bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́: ẹ̀bà kan bí ìkúùkù ọmọdé nínú àwo pẹrẹsẹ, ẹ̀gúsí nínú abọ́ tó tóbi ju àwo náà lọ, ìrù ẹja títùs yọ sókè ní etí rẹ̀. Bàbá wo ẹ̀bà, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n ní, "Ìyá Títí, ṣé èmi lẹ fi èyí tọ́ wò, àbí ẹ ṣì ń bọ̀?"